Kí Wáyà Má Ba Èèpo Eyín Jẹ́

Àwọn tí ó jókòó: Olóòtú, Oníṣègùn Eyín, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títo eyín, àti Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wáyà sí eyín.

OLÓÒTÚ: Yorùbá fẹ́ràn eyín púpọ̀. Nígbà tí a bá ń yin arẹwà, ọ̀rọ̀ eyín rẹ̀ kì í gbẹ́yìn: a ó ní ó funfun, a ó ní ó tò, bí àlàfo bá sì wà láàárín méjì iwájú, a ó ní Ọlọ́run fi èjí dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo eyín ni ó ń tò. Òmíràn a gun orí ara wọn, òmíràn a yọ síta bí ẹni pé ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn òbí fi ń mú ọmọ lọ sí àwọn ilé-ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Ifẹ̀, kí a lè fi wáyà to eyín wọn. Ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí. Kí ni ó dé tí eyín àwọn kan fi tọ́ tán, tí wọ́n tú wáyà, tí àpá funfun bí ẹfun sì kún ojú rẹ̀? Dókítà, ẹ káàbọ̀.

ONÍṢÈGÙN: Ẹ ṣeun, Olóòtú. Ẹ kú ìjókòó, Màmá.

ÌYÁ: Ẹ ṣé, Dókítà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá ọkọ mi ní irin kì í ṣe ohun tí à ń lẹ̀ mọ́ eyín, pé yóò jẹ eyín ọmọ náà run. Èmi náà sì rí ọmọ aládùúgbò wa kan. Ní ọjọ́ tí wọ́n tú wáyà ẹnu rẹ̀, àpá funfun mẹ́rin ni mo kà lójú eyín òkè. Owó tí à ń san kò kéré. Ṣé irin yìí ni ó ń jẹ eyín ni?

ONÍṢÈGÙN: Irin kò jẹ eyín, Màmá. Ohun tí ó ń jẹ ẹ́ ti wà nínú ẹnu wa kí irin tó dé. Irin kàn ṣí ibi ìsápamọ́ fún un ni. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní èèpo eyín. (Ó gbé àwòrán eyín ńlá kan sókè.) Gbogbo apá eyín tí ẹ ń rí nínú dígí, èèpo ni. Òun ni ó le jù nínú gbogbo ohun tí ó wà lára ènìyàn. Ó le ju egungun lọ. Bí a bá fi ìwọ̀n rẹ̀ sí 100, nǹkan bí 96 nínú rẹ̀ ni èròjà tí ó dì bí òkúta, tí kálísíọ́mù pọ̀ nínú rẹ̀. Àmọ́ líle yìí náà ni àléébù rẹ̀. Awọ ara tí ó bó a máa hù padà, egungun tí ó ṣẹ́ a máa so pọ̀, èékánná kò sì yé hù. Èèpo eyín ní tirẹ̀ kò ní ẹ̀mí nínú. Àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní tí ó mọ ọ́n ti lọ kí eyín tó yọ jáde nínú ẹran ìdí rẹ̀. Èyí tí ó bá ti ṣí kúrò pátápátá, ara kò lè mọ òmíràn dípò rẹ̀.

OLÓÒTÚ: Bí ó bá le tó bẹ́ẹ̀, kí ni ó lè jẹ ẹ́?

ONÍṢÈGÙN: Ásíìdì. Kò sí ẹnu tí kòkòrò àìfojúrí kò sí, tọmọdé tàgbà. Wọn a máa para pọ̀ di èérí kan tí ó ń yọ̀, tí ahọ́n yín máa ń bá lójú eyín ní kùtùkùtù òwúrọ̀. Bí a bá jẹ ohun dídùn, wọn a bá wa jẹ nínú rẹ̀, ásíìdì ni wọ́n sì ń tú sílẹ̀. Òṣùwọ̀n kan wà tí a fi ń wọn kíkan ohun, tí à ń pè ní pH. Bí òǹkà rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀ ni kíkan ń pọ̀ sí i. Ti omi lásán jẹ́ 7. Nígbà tí ti èérí ojú eyín bá lọ sísàlẹ̀ ju nǹkan bí 5.5 lọ, èròjà inú èèpo yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ jáde. Bí ó bá ṣe díẹ̀, itọ́ yóò ṣan ásíìdì náà lọ, yóò sì dá lára ohun tí ó yọ́ padà sí àyè rẹ̀. Bí ogun náà ti rí lójoojúmọ́ nìyẹn, yíyọ́ àti dídápadà. Níwọ̀n ìgbà tí dídápadà bá ń borí, eyín wà ní àlàáfíà.

ÌYÁ: Níbo wá ni wáyà ti wọ ọ̀rọ̀ náà?

ONÍṢÈGÙN: Ẹ wo àgbàlá tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀; ọmọdé lásán lè gbá a mọ́. Ẹ wá to ìkòkò, odó àti àpótí káàkiri ibẹ̀. Ìgbálẹ̀ kò ní dé gbogbo kọ̀rọ̀ mọ́. Irin pẹlẹbẹ kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ojú eyín kọ̀ọ̀kan, tí àwa ń pè ní bírákẹ́ẹ̀tì, òun ni ìkòkò; wáyà tí ó gba inú rẹ̀ kọjá àti rọ́bà tí ó dì í mú ni odó àti àpótí. Èérí a sá sí ẹ̀gbẹ́ wọn, pàápàá ní agbede-méjì bírákẹ́ẹ̀tì àti ẹran ìdí eyín. Ètè kò rí i nù, ahọ́n kò rí i lá, itọ́ kò sì ráàyè ṣàn débẹ̀.

Ní 1982, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Gorelick, Geiger àti Gwinnett, yẹ ẹnu àwọn tí wọ́n ti fi wáyà to eyín wọn wò. Bí ìdajì wọn ni ó ní àpá funfun, ó kéré tán lójú eyín kan. Àwọn eyín tí ó tẹ̀lé méjì iwájú lókè ni ó ti wọ́pọ̀ jù. Èyí tí ó wú mi lórí jù lọ nínú iṣẹ́ wọn nìyí: wáyà kan wà tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀, ní ìhà ahọ́n, kí eyín tí a ti tò má baà yà padà. Wọn kò rí àpá funfun kankan níbẹ̀. Irin náà ni irin, gúlù náà ni gúlù; ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni itọ́ ti ń sun jáde láti abẹ́ ahọ́n bí ìsun omi. Màmá, ẹ bá mi sọ ìyẹn fún ìyá ọkọ yín.

OLÓÒTÚ: Èmi rò pé eyín tí ó bá ń bàjẹ́ a máa dúdú ni. Báwo ni ó ṣe wá jẹ́ funfun?

ONÍṢÈGÙN: Dúdú ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ ti rí igi tí ikán wọ̀ rí? Ara rẹ̀ lóde yóò dúró bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é, inú rẹ̀ yóò sì ti lu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àpá funfun. Òde èèpo ṣì dì, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ti pàdánù èròjà, ó sì ti lu ihò tí ojú lásán kò lè rí. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bá bọ́ sí ibẹ̀ a túká sínú àwọn ihò náà; ìdí nìyẹn tí ó fi funfun láìdán. Bí eyín bá tutù, omi a kún àwọn ihò náà, àpá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ a sì fara pamọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti wá sọ́dọ̀ wa rí, tí ẹ ń bínú pé a ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí yín lẹ́nu, ohun tí à ń wá nìyẹn: a fẹ́ kí eyín gbẹ kí àpá lè fara hàn. Èyí tí ó bá hàn nígbà tí eyín tutù ti jinlẹ̀ ju èyí tí ó hàn nígbà tí ó gbẹ nìkan lọ. Bí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òde tí ó dì yẹn yóò wó, ihò gidi yóò sì dé.

Kì í sì í pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1988 fi hàn pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré tó, níbi tí èérí bá ti rí ibi sá sí lábẹ́ irin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ó máa ń wà láàárín ìbẹ̀wò kan sí èkejì, bí kò bá tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wáyà fúnra rẹ̀ lè wà lẹ́nu fún ọdún kan ààbọ̀ tàbí méjì, nígbà mìíràn kí ó ju ìyẹn.

ÌYÁ: Oṣù kan! Ó yá, ẹ sọ ohun tí ọmọ yóò máa ṣe fún mi.

ONÍṢÈGÙN: Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwa oníṣègùn, nítorí pé àwa ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Kò yẹ kí a fi irin sí ẹnu tí ó dọ̀tí. Ọmọ tí kò lè fọ eyín tí kò ní irin, báwo ni yóò ṣe fọ èyí tí ó ní? Kí a kọ́ ọ, kí a dá a padà sílé, kí ó wá ní oṣù tí ń bọ̀ kí a tún wò ó. Eyín tí ó ti ní ihò, kí a dí i ná. Kí a sì ya àwòrán eyín náà sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ kan ti ní àmì funfun tàbí ti pupa rẹ́súrẹ́sú lójú eyín tẹ́lẹ̀. Omi tí fúlọ́ráìdì pọ̀ jù nínú rẹ̀ a máa fa irú rẹ̀ nígbà tí eyín bá ṣì ń dàgbà nínú egungun. A mọ̀ ọ́n dáadáa ní agbègbè Langtang ní Ìpínlẹ̀ Plateau. Láìsí àwòrán, ìjà ni yóò dà ní ọjọ́ ìtúwáyà.

Nípa fífọ̀: búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ rọ̀ ni kí ọmọ lò. Kí ó kọ́kọ́ dagun rẹ̀ láti òkè bírákẹ́ẹ̀tì wá sísàlẹ̀, kí ó tún dagun rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ó tó wá fọ ojú bírákẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe ni pé wọ́n ń fọ irin, irin a sì máa dán yinrin, nígbà tí èérí jókòó sí ìdí eyín láìsí ẹni tí ó dà á láàmú. Búrọ́ọ̀ṣì mìíràn wà tí ó rí bí èyí tí a fi ń fọ ìgò oúnjẹ ọmọ, ṣùgbọ́n tí kò ju igi ìṣáná lọ. Èyí ni yóò máa tì bọ abẹ́ wáyà, láàárín bírákẹ́ẹ̀tì kan sí èkejì. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ó kéré tán, ti alẹ́ sì ṣe pàtàkì jù, nítorí pé bí a bá ti sùn itọ́ a dínkù, eyín a sì wà láìní olùgbèjà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Bí ó bá fọ̀ ọ́ tán, kí ó tu ọṣẹ rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n kí ó má fi omi púpọ̀ ṣan ẹnu. Omi ni ó ń gbé oògùn inú ọṣẹ náà lọ.

OLÓÒTÚ: Àwọn baba wa kò mọ búrọ́ọ̀ṣì, Dókítà. Orín ni wọ́n ń run, eyín wọn sì le. Ṣé pákò kò tó ni?

ONÍṢÈGÙN: Èmi kò bá pákò jà. Orín àtà dára, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fọwọ́ sí lílo igi ìfọyín níbi tí ó bá ti jẹ́ àṣà. Ní ẹnu tí kò ní wáyà, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n run yóò fọ eyín rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n igi líle kò lè wọ abẹ́ wáyà, ó sì lè ṣí bírákẹ́ẹ̀tì nípò. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí fúlọ́ráìdì tí ó tó nínú rẹ̀. Fúlọ́ráìdì yìí ni ó ń ran itọ́ lọ́wọ́: bí ó bá wà nítòsí nígbà tí èròjà ń padà sínú èèpo, ohun tí yóò dì níbẹ̀ yóò le ju ti àtijọ́ lọ, ásíìdì kò sì ní tètè lè yọ́ ọ. Ẹ yẹ páálí ọṣẹ ìfọyín yín wò. Kí òǹkà fúlọ́ráìdì inú rẹ̀ wà láàárín 1,000 sí 1,500 nínú mílíọ̀nù kan. Àwọn ọṣẹ kan wà lọ́jà tí a fi ewé àti egbò ṣe, tí kò sí fúlọ́ráìdì rárá nínú wọn. Òórùn wọn dára, ṣùgbọ́n wọn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Fún ọmọ tí a bá ń bẹ̀rù eyín rẹ̀ gidigidi, a lè kọ ọṣẹ tí òǹkà rẹ̀ jẹ́ 5,000, tí kì í ṣe fún ọmọ kékeré tí yóò gbé e mì. A tún lè fi fáníìṣì kun eyín fúnra wa nígbà ìbẹ̀wò. Ọ̀kan tí a ń lò púpọ̀ ní 22,600 nínú mílíọ̀nù. Ní Sweden, wọ́n fi irú fáníìṣì bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára tirẹ̀ kéré sí ìyẹn, kun eyín àwọn ọmọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2007, àpá tuntun jẹ́ bí 7 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìsọ̀rí àwọn tí a kùn ún fún, nígbà tí ó jẹ́ 25 ní ìsọ̀rí àwọn tí a kò fi oògùn gidi kùn fún. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e kò rí ìrànlọ́wọ́ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbára lé fáníìṣì kí ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

ÌYÁ: Oúnjẹ ńkọ́? Ọmọ yìí fẹ́ràn súìtì bí ẹ̀mí rẹ̀.

ONÍṢÈGÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Ìwádìí kan wà tí ó kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ yìí, ó sì korò láti sọ. Ní àwọn ọdún 1940, ní ilé ìtọ́jú kan tí à ń pè ní Vipeholm, nítòsí ìlú Lund ní Sweden, wọ́n fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé ní ṣúgà àti tọ́fì lóríṣiríṣi láti mọ ohun tí yóò ṣe sí eyín wọn. Eyín ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹrà. Wọn kò ní òye láti kọ̀ ọ́, kò sì sí ẹni tí ó gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ohun ìtìjú ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo àgbáyé ń lo èsì rẹ̀. Ohun tí èsì náà, tí ó jáde ní 1954, fi hàn ni pé ṣúgà tí a bá jẹ pẹ̀lú oúnjẹ kò ṣe ibi púpọ̀. Tọ́fì tí ó ń lẹ̀ mọ́ eyín, tí a ń jẹ láàárín oúnjẹ kan sí èkejì, ni ó burú jù.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ohun dídùn bá wọ ẹnu, ó tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ásíìdì tó rọlẹ̀. Ọmọ tí ó jẹ súìtì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀kan ni ásíìdì kọlu eyín rẹ̀. Èyí tí ó ń jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti agogo méjì títí di mẹ́fà, kò fún itọ́ láyè láti mí. Bákan náà ni ẹni tí ó po gaàrí sí ṣúgà tí ó sì ń mu ún díẹ̀díẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán. Mínírà burú ju méjèèjì lọ, nítorí pé ó ní ṣúgà, òun fúnra rẹ̀ sì kan: pH ọ̀pọ̀ nínú wọn wà láàárín 2 sí 4. Bí ọmọ bá mu ún ní òde àríyá, kí ó fi omi ṣan ẹnu. Kí ó má sáré fọ eyín lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ojú èèpo ti rọ̀ díẹ̀ ní àkókò náà, búrọ́ọ̀ṣì lè ha á.

Ti ohun líle tún yàtọ̀. Egungun ẹran, ìrèké, gúgúrú, obì àti orógbó tí a fi eyín gé, wọn a máa ṣí bírákẹ́ẹ̀tì. Bírákẹ́ẹ̀tì tí ó ṣí kì í dunni, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ kì í fi í sọ. Èérí a sì wọ abẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n yín àgbàdo kúrò lára ṣúkù rẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé obì. N kò ní kí ọmọ má jẹun.

OLÓÒTÚ: Mo gbọ́ pé ẹ̀yin oníṣègùn náà ń fi ásíìdì sí eyín kí ẹ tó lẹ irin mọ́ ọn. Ṣé òótọ́ ni?

ONÍṢÈGÙN: Òótọ́ ni, inú mi sì dùn pé ẹ bèèrè. Gúlù kò lè di ojú èèpo tí ń yọ̀ mú. Michael Buonocore ní Amẹ́ríkà ni ó fi hàn ní 1955 pé bí a bá fi ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì pa ojú eyín, yóò ní ihò wínníwínní tí gúlù lè wọ̀ kí ó sì dì mú. Ti ìsinsìnyí kì í ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá lọ, a ó sì ṣàn án dànù. Ibi tí bírákẹ́ẹ̀tì yóò jókòó sí nìkan ni ó yẹ kí a fi í pa, kì í ṣe gbogbo ojú eyín.

Ibi tí ewu wà ní ọ̀dọ̀ wa ni ọjọ́ ìtúwáyà. Gúlù a máa ṣẹ́kù sójú eyín, àwọ̀ rẹ̀ sì jọ ti eyín. Oníṣègùn tí ń kánjú lè fi ẹ̀rọ ha èèpo pọ̀ mọ́ gúlù. Ó gba sùúrù, ẹ̀rọ tí kò sáré, àti orí ẹ̀rọ tí a ṣe fún iṣẹ́ náà gan-an. Nígbà tí bírákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eyín, tí a fi ohun bí tánganran ṣe, dé ní ìparí àwọn ọdún 1980, gúlù àwọn kan mú jù. Nígbà tí a ń yọ wọ́n, èèpo àwọn ẹlòmíràn bá wọn ṣí. A ti tún wọn ṣe láti ìgbà náà, àmọ́ wọ́n ṣì le ju èèpo lọ, nítorí náà a kì í fẹ́ fi wọ́n sí eyín ìsàlẹ̀ níbi tí eyín òkè yóò ti máa gbá wọn.

ÌYÁ: Bí a bá sì rí i ní àárín iṣẹ́ pé àpá ti ń yọ ńkọ́?

ONÍṢÈGÙN: A ó kìlọ̀, a ó tún kọ́ ọmọ náà, a ó fi kún fúlọ́ráìdì. Bí kò bá yípadà, a ó tú wáyà.

ÌYÁ: Kí eyín tó tò? Pẹ̀lú gbogbo owó tí a ti san?

ONÍṢÈGÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà le. Àwọn òbí kan ti tìtorí rẹ̀ bínú kúrò lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n eyín tí ó wọ́ lè dúró kí a tún un tò ní ọdún mélòó kan sí i, nígbà tí ọmọ bá ti gbọ́n. Èèpo tí ó ti wó kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ó yẹ kí oníṣègùn sọ èyí fún òbí ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí a tó gba owó, kí ó má baà dà bí ìjìyà.

OLÓÒTÚ: Àwọn tí wọ́n ti tú tiwọn, tí àpá sì ti wà níbẹ̀?

ONÍṢÈGÙN: Kí wọ́n ní sùúrù ná. Láàárín oṣù mélòó kan tí irin bá ti kúrò, itọ́ yóò dé ibẹ̀, díẹ̀ nínú àpá náà yóò sì rọ́ fúnra rẹ̀. Kí wọ́n máa lo ọṣẹ onífúlọ́ráìdì lásán. Fúlọ́ráìdì alágbára lójú eyín iwájú ní kíá lè dí òde àpá náà pa, kí funfun abẹ́ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí. Kí wọ́n má fi èédú ha á, kí wọ́n má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á. Ásíìdì ni ó bà á jẹ́, ásíìdì kọ́ ni yóò tún un ṣe. Èyí tí kò bá rọ́, ọ̀nà wà láti fi oje kan tí ó ṣàn bí omi kún inú àwọn ihò náà. Ó ti wà lọ́jà láti 2009, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga.

ÌYÁ: Ìbéèrè kan ló kù, Dókítà. Ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ yìí jìnnà sí ìlú, inú ọgbà ni wọ́n ń gbé. Bí wáyà bá já síbẹ̀, tí ó ń gún un lẹ́nu, kí ni kí wọ́n ṣe?

ONÍṢÈGÙN: A máa ń fún wọn ní ìda rírọ̀ kan, kí ó mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ṣóńṣó wáyà náà kí ó má baà gún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kí olùtọ́jú ọmọ tẹ̀ wá láago, kí a sì mú un wá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀mú fa irin náà yọ, kí wọ́n má sì mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ta wáyà ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́nu láìjẹ́ oníṣègùn. Wọn kò mọ ibi tí gúlù pin sí tí èèpo ti bẹ̀rẹ̀. Bírákẹ́ẹ̀tì tí ó bá bọ́, kí ó gbé e pamọ́ sínú bébà, kí ó sì máa bá fífọ eyín rẹ̀ lọ ní alẹ́ ọjọ́ náà gan-an, bí ó tilẹ̀ ń dùn ún díẹ̀.